Idẹ Agboolé: Bí Wọ́n Ṣe Ń Dà Á, Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí ọdún ìbílẹ̀ bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọ̀dọ́ agboolé á kó ẹdan, ṣaworo àti ère idẹ síta, wọ́n á fi ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti iyanrìn ha á títí yóò fi dán gbinrin. Inú àwọn àgbà á dùn. Ṣùgbọ́n omi dúdú tó ń ṣàn lọ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí nìkan, idẹ wà nínú rẹ̀, ọnà tí alágbẹ̀dẹ fín sí i náà sì ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ní idẹ nílé, ẹni tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń dà á, àti àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ lè kàn án lóko la kọ ìwé yìí fún.

Bàbà ni ìpìlẹ̀ idẹ. Wọ́n lè po tánganran mọ́ ọn, wọ́n sì lè po síńkì mọ́ ọn kó lè pọ́n bíi wúrà. Òjé díẹ̀ ló máa ń jẹ́ kó ṣàn dé kọ̀rọ̀ tóóró. Bàbà, síńkì àti òjé ló wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ère orí àtijọ́ tí wọ́n rí ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbòjú tí wọ́n ń pè ní ti Ọbalùfọ̀n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, bàbà nìkan kì í yọ́ àfi tí iná bá tó 1,085°C, kì í sì í ṣàn dáadáa. Ẹni tó bá ti dúró ti ẹwìrì rí á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni àwọn baba wa ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń dà á

Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń mọ, èyí tí wọ́n ti po ìgbẹ́ ẹṣin tàbí èédú lílọ̀ mọ́, torí pé nígbà tí ìyẹn bá jóná tán, afẹ́fẹ́ á rí ihò kéékèèké gbà jáde. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi ìda bò ó. Bí ìda bá ṣe nípọn tó ni idẹ yóò ṣe nípọn tó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin oyin, ẹ má da afárá nù lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá fún oyin tán. Ẹ kó o sínú omi gbígbóná, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó tutù. Ìda á dì sójú omi bí àkàrà pẹlẹbẹ, àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ á sì rà á lọ́wọ́ yín. Lásìkò ọyẹ́, ìda máa ń sán. Ẹ gbé e sí oòrùn díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Orí ìda ni gbogbo ọnà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe irun tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, wọ́n á yí ìda lórí pátákó tútù títí yóò fi rí bí òwú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ gbígbóná díẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n á gún ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ gba inú ìda wọnú amọ̀ kí àárín má bàa yẹ̀ nígbà tí ìda bá yọ́ lọ. Wọ́n á tún fi ọ̀pá ìda ṣe ọ̀nà tí idẹ máa gbà wọlé àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde.

Ẹ wọn ìda yẹn, tòun ti ọ̀pá rẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi amọ̀ bò ó. Idẹ tẹ́ ẹ máa yọ́ gbọ́dọ̀ tó ìwọ̀n rẹ̀ lọ́nà mẹ́sàn-án. Tí ìda bá jẹ́ 200 gíráàmù, ẹ yọ́ 1,800 gíráàmù, kẹ́ ẹ sì bù díẹ̀ lé e. Tí idẹ kò bá tó dà, ó ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn, torí ìda àkọ́kọ́ ti lọ.

Ìyẹ́ adìẹ ni kẹ́ ẹ fi kun amọ̀ àkọ́kọ́ sórí ìda, amọ̀ tẹ́ ẹ ti sẹ́ tó kúnná, kó lè wọ gbogbo ìlà láìsí ihò afẹ́fẹ́. Abẹ́ òjìji ni kó ti gbẹ. Lẹ́yìn náà lẹ máa fi amọ̀ líle bò ó lórí léraléra.

Iná ló kù. Ìda á yọ́ jáde (ẹ gbé nǹkan sábẹ́ rẹ̀, ó ṣì wúlò), ẹ ó sì máa dáná sí amọ̀ náà títí yóò fi pọ́n. Tí omi díẹ̀ bá ṣẹ́ kù sínú amọ̀, idẹ gbígbóná á ta sókè padà sójú ẹni tó ń dà á. Kò sí ìkánjú níbí rárá. Tẹ́ ẹ bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á, ẹ má dáwọ́ dúró títí yóò fi kún.

Èéfín funfun tó ń jáde lára idẹ ń ti ara síńkì wá. Ẹni tó bá fà á símú ní ọ̀sán, ibà àti òtútù lè mú un lálẹ́. Òjé burú jù fún ọmọdé. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti máa ṣe é, kí ẹ̀yìn yín kọjú sí ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí aboyún àti ọmọdé sì jìnnà síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ra ìdọ̀tí irin tí ọta ìbọn wà nínú rẹ̀, ẹ ṣà á kúrò kẹ́ ẹ tó dáná.

Tó bá tutù, ẹ fọ́ amọ̀ náà. Ère kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀.

Ìtọ́jú rẹ̀ nílé

Ní Tada, létí Odò Ọya ní ilẹ̀ Núpé, ère bàbà ọkùnrin kan tó jókòó wà níbẹ̀ nígbà kan rí. Nígbà náà, àwọn ará ìlú máa ń gbé e lọ sódò ní ọjọ́ Jímọ̀, wọ́n á fi òkúta wẹ́wẹ́ inú odò fọ̀ ọ́ kí àwọn obìnrin lè bímọ, kí ẹja sì lè pọ̀. Ìwúre ni wọ́n ń ṣe, kò sẹ́ni tó lè bú wọn, ṣùgbọ́n ara ère náà ti jẹ gan-an. Ohun kan náà ni iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ń ṣe nínú agboolé yín. Ìpara tí wọ́n ń tà ní ọjà fún dídán idẹ, ọ̀pá ìlẹ̀kùn tuntun ni kẹ́ ẹ lò ó fún.

Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó gbẹ tó fún idẹ àtijọ́. Ẹ fi aṣọ di í mú nítorí òógùn ọwọ́, ẹ fọwọ́ méjèèjì gbé ìdí rẹ̀. Ẹ má fi ṣẹ́ẹ́nì gbé ẹdan. Tí ètò ìbọ bá béèrè epo, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún kúrò lẹ́yìn náà, nítorí epo tó bá pẹ́ lára rẹ̀ a máa mú àwọ̀ ewé wá.

Àwọ̀ ewé méjì ló wà. Èyí tó le, tó jọ̀lọ̀, tó sì dì mọ́ ara rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀. Èyí tó funfun díẹ̀, tó rí bí ẹ̀lúbọ́, tó ń kù sọ́wọ́, tó sì tún ń yọ padà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá gbọ̀n ọ́n, iyọ̀ ló ń jẹ ẹ́ nínú ọ̀rinrin. Ó wọ́pọ̀ ní Èkó àti Àgbádárìgì nítorí atẹ́gùn òkun. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn yòókù, ẹ fi aṣọ òwú tó mọ́ wé e, ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ, kẹ́ ẹ sì pe àwọn òṣìṣẹ́ mùsíọ́mù. Ẹ má fomi kàn án.

Ère tuntun tó wà níta ni omi bá mu. Ẹ fi ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ẹ ṣan ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò, nígbà tí oòrùn bá sì ti mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á lára.

Tí ọkọ́ bá kàn án

Ẹni tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ló kan àwọn orí idẹ ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938. Ọ̀kan nínú wọn wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù di òní. Lọ́dún 1957, àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ tún kan òmíràn ní Ìta Yemòó. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ dáwọ́ ọkọ́ dúró, ẹ má fà á yọ, ẹ má fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tó yí i ká ló máa sọ bó ṣe pẹ́ tó. Ẹ sọ fún baálẹ̀, kẹ́ ẹ sì ránṣẹ́ sí mùsíọ́mù tó sún mọ́ yín. Òfin 77 ti ọdún 1979 kò fàyè gba kí ẹnikẹ́ni kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Èyí tó ti wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ níwájú, lẹ́yìn àti nísàlẹ̀, ẹ wọn gíga rẹ̀, ẹ kọ ibi tó ti fọ́ tàbí tó ti já sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ sí ilé mìíràn. Ọlọ́pàá kò lè wá ère tí kò sẹ́ni tó lè júwe rẹ̀.