Ògiri Kíláàsì Tó Lanu: Ẹ Wádìí Ẹ̀ Kí Ẹ Tó Dí I

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ní iléèwé, aláǹgbá kọ́ la ń bá jà, omi ni. Ìdí nìyẹn tí ibi tí bíríkìlà fi símẹ́ńtì dí nígbà ìsinmi Kérésìmesì fi máa ń tún là kí òjò oṣù keje tó dá.

Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe là. Bó bá tín-ín-rín bí irun, tó ta bí òwú aláǹtakùn, kò kọjá ara ibi tí wọ́n rẹ́: símẹ́ńtì ló pọ̀ jù, tàbí oòrùn ló tètè gbẹ ẹ́. Bó bá ti igun fèrèsé dagun lọ sókè, líńtẹ̀lì, ìyẹn kọnkéré onírin tó wà lórí fèrèsé, ni kí ẹ fura sí. Ó yẹ kó wọ inú ògiri ní ínǹṣì 9 lọ́tùn-ún, 9 lósì. Ẹni tó ń ṣọ́ irin lò á gé e sí 3 tàbí 4. Bó bá ń gba ojú ìsopọ̀ búlọ́ọ̀kù gòkè bí àtẹ̀gùn, tí òkè rẹ̀ fẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, igun ilé yẹn ti ń rì.

Ẹ fi bírò fa ìlà sí ibi tó là dé, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀, ẹ kọ déètì síbẹ̀. Ẹ máa padà wò ó lóṣooṣù. Bó bá ń fẹ̀ sí i, tàbí tí bírò bá ti lè wọ inú rẹ̀, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò ní kíláàsì náà, kí ẹ pe ẹnjiníà. Iṣẹ́ bíríkìlà kọ́ nìyẹn mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ wo ẹsẹ̀ ògiri níta. Bí páànù ò bá ní gọ́tà, gbogbo omi òkè ibẹ̀ ló ń dà sí, á sì máa gbẹ́ ilẹ̀ títí ìpìlẹ̀ á fi yọ síta. Ẹ fi ilẹ̀ pupa dí ibẹ̀, ẹ gún un ní ínǹṣì 6 lẹ́ẹ̀kan, ẹ má dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wá da kọnkéré lé e, kó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kó nípọn ní ínǹṣì 4, kó dagẹ̀rẹ̀ kúrò lára ògiri.

Kọnkéré náà: símẹ́ńtì 1, iyanrìn 2, gíráńáìtì 4. Hẹ́dìpáànù ò dọ́gba, nítorí náà ẹ tú àpò símẹ́ńtì kan sínú èyí tí ẹ fẹ́ lò, kí ẹ mọ iye tó kún. Ó sábà máa ń tó méjì. Á jẹ́ pé iyanrìn hẹ́dìpáànù 4, gíráńáìtì 8. Àwọn lébírà fẹ́ràn omi púpọ̀ torí ó ń mú kí ṣọ́bìrì rọrùn. Ẹ má gbà.

Ìgbà tí omi ò bá débẹ̀ mọ́, tí ìlà yín ò sì sún, ẹ wá dí i. Ẹ gbẹ́ ẹ fẹ̀ díẹ̀, ẹ fọ eruku rẹ̀ dànù, ẹ fi omi rin ín, ẹ fi símẹ́ńtì 1 sí iyanrìn 3 dí i. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì ilé adìyẹ mọ́ ọn, kó kọjá ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní ínǹṣì 6, kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ 7.

Bí ẹ bá ń ra búlọ́ọ̀kù tuntun, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ họ ọ́. Bó bá ń dà bíi gààrí, ẹ dá a padà: àpò símẹ́ńtì kan tó yẹ kó mú búlọ́ọ̀kù onínáìnì (oní-ínǹṣì 9) 25 sí 30 jáde ni wọ́n fi ṣe 40.

Ẹ dá ìdá 5 nínú 100 owó kọńgírátọ̀ dúró. Oṣù mẹ́fà ni wọ́n sábà ń kọ pé owó náà á fi wà lọ́wọ́ yín, àmọ́ iṣẹ́ tó bá parí lóṣù kẹwàá á pé oṣù mẹ́fà lóṣù kẹrin, òjò gidi ò tíì dé. Ẹ kọ ìparí oṣù keje sínú ìwé àdéhùn.