Bí a ṣe ń fi síkì rìn láti Chamonix dé Zermatt pẹ̀lú amọ̀nà

Láti Chamonix nílẹ̀ Faransé dé Zermatt ní Switzerland, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń fi síkì (pátákó gígùn méjì tí a ń so mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí yìnyín) rìn ín lórí òkè Alps, tí wọ́n á máa ti ilé òkè kan, ìyẹn ilé tí arìnrìn-àjò ń sùn sí lórí òkè, bọ́ sí òmíràn lálaalẹ́. Haute Route lorúkọ ọ̀nà náà. Láti àárín oṣù kẹta sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ni kí ẹ lọ, torí ìgbà náà ni àwọn olùtọ́jú máa ń wà ní ilé òkè, tí yìnyín sì ti bo ọ̀pọ̀ ọ̀gbun inú gíláṣíà, ìyẹn odò yìnyín tó ń ṣàn díẹ̀díẹ̀ lórí òkè. Aago ni ọ̀gá níbẹ̀. Láàárọ̀, yìnyín á le. Bí oòrùn bá ti wọ̀ ọ́ lára, á rọ̀, ó sì lè ya lulẹ̀ bo ènìyàn. Ohun tí ẹ bá gbé, bí ẹ ṣe ń yí ẹsẹ̀, ìgbà tí ẹ jí, gbogbo rẹ̀ wà fún kí ẹ lè kọjá ibi eléwu kí oòrùn tó débẹ̀.

Ẹ wá amọ̀nà tó ní báàjì IFMGA, àjọ àgbáyé àwọn amọ̀nà orí òkè, kí ènìyàn tó tẹ̀lé e má sì ju mẹ́fà lọ. Bí ẹ kò bá tíì lè sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín tí wọn kò tọ́jú, tàbí gun mítà 1,000 lójúmọ́ pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, ẹ sún ìrìn náà síwájú. Fún ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, físà Schengen kan ṣoṣo tó fún orílẹ̀-èdè méjèèjì. Ẹ ka ìwé ìbánigbófò dáadáa, kí ó dárúkọ síkì orí gíláṣíà àti owó hẹlikópítà.

Báàgì lítà 30 sí 35 tó, kí ó má sì ju kìlógíráàmù mẹ́wàá lọ, omi wà nínú rẹ̀. Transceiver (ẹ̀rọ tó ń fi àmì ránṣẹ́ kí a lè rí ẹni tí yìnyín bò), ṣọ́bìrì onírin, ọ̀pá ìwádìí mítà 2.4 tí a fi ń wá a nínú yìnyín, bẹ́líìtì okùn, àáké yìnyín, irin eléyín fún bàtà àti fún síkì: ìkankan nínú wọn kò ṣeé fi sílẹ̀. Aṣọ ni kí ẹ dín kù. Ilé òkè ní bùláńkẹ́ẹ̀tì, sálúbàtà, oúnjẹ alẹ́ àti ti àárọ̀. Àpò ìsùn sílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni kí ẹ mú wá. Omi mímu, rírà ni níbi púpọ̀, ó sì wọ́n, nítorí náà ẹ mú owó Switzerland lọ́wọ́.

Awọ tí a ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ síkì láti fi gòkè ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Irun rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, kí síkì lè máa yọ̀ síwájú láìyọ̀ padà. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́, ẹ fi ọwọ́ aṣọ nu abẹ́ síkì kí ó gbẹ. Yìnyín díẹ̀ tó bá há sáàárín kò ní jẹ́ kí gọ́ọ̀mù mú. Ẹ kọ́ ọ mọ́ imú síkì, ẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí, kí ẹ tó so ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá bọ́ ọ lórí òkè, ẹ ká a kí gọ́ọ̀mù kojú gọ́ọ̀mù, kí ẹ fi í sínú jákẹ́ẹ̀tì, torí gọ́ọ̀mù tó tutù nini kì í mú. Awọ tó bá gba inú yìnyín rírọ̀ lọ́sàn-án, tó tún bọ́ sí ibi òjìji, omi ara rẹ̀ á dì, yìnyín á di òkìtì sábẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ á sì wúwo bí ọmọ odó. Ẹ fi ìda síkì pa á láti imú lọ sí ìdí kí ẹ tó jáde. Lálẹ́, ẹ sá a sórí okùn, ẹ má gbé e sún mọ́ iná.

Níbi tó bá dà gan-an, ọ̀nà wíwọ́ ni à ń gbà, a sì gbọ́dọ̀ yí padà ní igun kọ̀ọ̀kan. Ẹ dábùú síkì méjèèjì sí òkè, ẹ gbé ti apá òkè, ẹ yí i sí ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì gbé gbogbo ara lé e. Ẹ wá fi gìgísẹ̀ ta ìdí síkì kejì sílẹ̀. Imú rẹ̀ á gbé sókè, ẹ ó sì lè fà á yí tẹ̀lé. Ẹni tó bá fara ti òkè ló ń ṣubú, torí síkì á yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ nàró. Bí ojú yìnyín bá dì gbagidi, ẹ ti fi irin eléyín sí síkì kí ẹ tó débẹ̀.

Láàárọ̀, amọ̀nà á dúró níwájú, ẹ ó kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó lè gbọ́ transceiver yín. Ẹ wọ̀ ọ́ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, kí fóònù sì jìnnà sí i. Yìnyín sábà máa ń ya níbi tó dà ju digírì 30 lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́ ni ìrètí ẹni tó bá bò mọ́lẹ̀ wà, ẹ̀yin tó kù lókè lẹ ó sì gbẹ́ ẹ jáde.

Ìṣirò àkókò kò le: ẹ pín mítà tí ẹ fẹ́ gùn sí 100, ẹ fi iye kìlómítà kún un, kí ẹ pín àpapọ̀ rẹ̀ sí mẹ́rin. Mítà 900 àti kìlómítà márùn-ún, wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ nìyẹn, láìka ìsinmi.

Ọjọ́ kìíní gba Col du Chardonnet (mítà 3,323) lọ sí ilé Trient; col ni ọ̀nà tó gba àárín òkè méjì kọjá. Ẹ̀yìn ọ̀nà náà dà tó bẹ́ẹ̀ tí amọ̀nà sábà máa ń fi okùn sọ ènìyàn kalẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ó sọ̀kalẹ̀ sí Champex, ẹ ó wọ mọ́tò lọ sí Verbier. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé Prafleuri àti Dix.

Láàárín ilé Dix àti ilé Vignettes, lórí òkè Pigne d'Arolla tó ga tó nǹkan bíi mítà 3,790, ni kí ẹ ti gba ọ̀rọ̀ amọ̀nà gbọ́ jù bí ó bá ní ẹ má lọ. Ní ìparí oṣù kẹrin 2018, ìjì ká ènìyàn 14 mọ́ níbẹ̀. Wọ́n sun ìta mọ́jú nítòsí ilé Vignettes, méje kú, amọ̀nà kan sì wà lára wọn. Bí ìjì bá wà nínú ìròyìn ojú ọjọ́, ẹ dúró sí Dix tàbí kí ẹ sọ̀kalẹ̀ sí Arolla.

Ọjọ́ tó kẹ́yìn gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 30, ó sì gba Col de l'Evêque, Col du Mont Brulé àti Col de Valpelline (mítà 3,568). Ẹ kúrò ní Vignettes kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìsọ̀kalẹ̀ gba àárín ọ̀gbun àti abẹ́ òkìtì yìnyín tó lè wó, nítorí náà ẹ má dúró ya fọ́tò níbẹ̀. Ẹ tẹ̀lé ipa síkì amọ̀nà gan-an. Ní ìsàlẹ̀, bí yìnyín bá ti tán kí ẹ tó dé Zermatt, ẹ bọ́ síkì, ẹ so ó mọ́ báàgì, kí ẹ fẹsẹ̀ rin èyí tó kù.