Sẹ́tín kámẹ́rà fóònù tí fídíò yín á fi mọ́ dáadáa lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ta léèsì àti aṣọ òkè lórí TikTok, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń se ọbẹ̀ fún wa wò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ṣe skit, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ yáwó ra fóònù tuntun. Èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn lè ya fídíò tó dáa ju èyí tó ń yà báyìí lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé orí ótò lẹ fi gbogbo nǹkan sí, kámẹ́rà ló ń pinnu bó ṣe wù ú, ẹ gbé aṣọ funfun sókè báyìí ojú yín á ṣókùnkùn, ẹ yí síbí ìmọ́lẹ̀ á yí padà, ẹ yí sọ́hùn-ún àwọ̀ á tún di nǹkan míì. Ká gba ìpinnu yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ ló kù.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sẹ́tín kankan, ẹ fi aṣọ tó rọ̀ nu ojú kámẹ́rà, torí ọ̀rá ọwọ́ tó máa ń wà níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí iná máa tàn yòò káàkiri àwòrán. Kámẹ́rà ẹ̀yìn sì ni kẹ́ ẹ lò, lórí ọ̀pọ̀ fóònù ó dáa ju tiwájú lọ fíìfíì.

Ẹ fi ìwọ̀n bí àwòrán ṣe máa já gaara tó sí 1080p, ó tó fún TikTok, Reels àti Status. 4K tó já gaara jù ú lọ dáa tẹ́ ẹ bá máa fa àwòrán sún mọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe editing, ṣùgbọ́n ó ń jẹ àyè gan-an. Lórí iPhone tó wà ní High Efficiency (sẹ́tín tó ń fún fídíò pọ̀ kó má jẹ àyè jù), ìṣẹ́jú kan 1080p ní 30 fps (ìyẹn fọ́tò 30 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) máa gba bíi 60MB, 4K ní 30 fps bíi 170MB, 4K ní 60 fps bíi 400MB. Ẹ ro ti dátà tẹ́ ẹ máa fi gbé e sókè mọ́ ọn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ kà rèé. Ṣé ẹ ti rí fídíò tí ìlà dúdú ń rìn lórí ògiri lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, tí iná ń ṣẹ́jú wìrìwìrì? Fóònù ò bàjẹ́ o. 50Hz ni iná NEPA tiwa, ìyẹn ni pé ọ̀pọ̀ gílóòbù máa ń tàn síwájú tàn sẹ́yìn ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú wa ò lè rí i, kámẹ́rà ń rí i. Tí kámẹ́rà bá wá lajú fún 1/60 ìṣẹ́jú àáyá fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan, á máa já ìtànṣán yẹn sí méjì, fọ́tò kan á mọ́lẹ̀, ìkejì á ṣókùnkùn. Tó bá jẹ́ 1/50, ìtànṣán méjì gééré ló máa gbà wọlé nígbà gbogbo, gbogbo ẹ̀ á dọ́gba. Torí náà, ẹ lo 25 fps, kẹ́ ẹ fi shutter, ìyẹn bó ṣe pẹ́ tó tí kámẹ́rà ń lajú, sí 1/50. Tí ibẹ̀ bá mọ́lẹ̀ jù, ẹ gbé shutter lọ sí 1/100, òun náà bá iná wa mu. Ìlú Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Lọ́ńdọ̀nù, 50Hz náà ni. Àwọn èèyàn wa ní Amẹ́ríkà ló yàtọ̀, 60Hz ni tiwọn, kí wọ́n lo 30 fps àti 1/60.

Lórí iPhone, ẹ lọ sí Settings, Camera, Record Video, kẹ́ ẹ tan Show PAL Formats, 25 fps á jáde síbẹ̀. Kámẹ́rà iPhone fúnra ẹ̀ ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ kan shutter, àmọ́ áàpù Blackmagic Camera á jẹ́, ọ̀fẹ́ ni, ó sì wà fún àwọn Android kan náà. Ọ̀pọ̀ Samsung ní Pro Video, ẹ wò ó lábẹ́ More.

Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ̀ ń lò, 1/50 lè má yanjú ẹ̀ tán, torí iná ẹ̀ kì í dúró lójú kan, fíríìjì á kàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ báyìí, ẹ́ńjìnnì á fà, iná á yí. Ẹ jókòó síbi fèrèsé nígbà yẹn, tàbí kẹ́ ẹ lo iná tó ń lo bátìrì. Ring light olówó pọ́ọ́kú náà, tẹ́ ẹ bá dín in kù ó lè máa ṣẹ́jú, ẹ jẹ́ kó tàn dé òpin kẹ́ ẹ wá gbé e sẹ́yìn díẹ̀.

Ó wá kan àwọ̀ ara wa, èyí sì ká mi lára gan-an. Ótò máa ń fẹ́ mú ìmọ́lẹ̀ gbogbo àwòrán dọ́gba. Tí léèsì funfun bá pọ̀ lẹ́yìn yín, á ní ibẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù, á dín in kù, ojú yín á dúdú débi pé a ò ní rí imú yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tó bá sì jẹ́ ògiri dúdú, á fi ìmọ́lẹ̀ kún un títí awọ ara á fi funfun bí ẹni tí ò fi ìpara. Ẹ fi ìka tẹ ojú ẹni tó wà nínú fídíò mọ́lẹ̀, ẹ má tètè gbé e kúrò, títí AE/AF LOCK (ìyẹn ni pé ìmọ́lẹ̀ àti fókọ́ọ̀sì ti dúró sójú kan) á fi jáde, kẹ́ ẹ wá fa àmì oòrùn yẹn sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iwájú orí àti egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kẹ́ ẹ máa wò: tí ibẹ̀ bá ti ń funfun báláú, ó ti pọ̀ jù, ẹ fà á wálẹ̀. Beauty yẹn, ìyẹn sẹ́tín tó ń dán ojú tó sì ń fọ̀ ọ́ funfun, ẹ pa á. Ìrísí yín dáa bó ṣe wà, oníbàárà tó sì rí i pé ẹ ti fọ ojú funfun á máa rò ó bóyá ẹ ti fọ àwọ̀ léèsì náà.

Ẹ̀yin aláṣọ, white balance, ìyẹn sẹ́tín tó ń mú àwọ̀ bá irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ mu, ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìjà "kì í ṣe àwọ̀ tí mo rí nìyí." Bí 5600K fún ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀sán, bí 3200K fún gílóòbù tó pọ́n, kẹ́ ẹ wá tì í pa síbẹ̀. Ẹ má fi fèrèsé àti gílóòbù pupa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí nọ́ńbà tó máa bá méjèèjì mu. Aṣọ òkè tó ní ìlà wẹ́wẹ́ tún lè máa jó lójú fídíò, ẹ sún mọ́ ọn tàbí kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn títí á fi dúró.

ISO, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń fi agbára fa ìmọ́lẹ̀ tó, kó má ga, 100 sí 400 tó bá ṣeé ṣe, tó bá ti ń wọ 1600 àwòrán á máa rí hóró hóró, ẹ wá iná kún iná dípò ẹ̀. HDR Video náà, ìyẹn sẹ́tín tó ń fẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn jọ hàn dáadáa, ẹ pa á, torí ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń dáa lójú fóònù tiyín tí àwọ̀ ẹ̀ á wá yí padà lójú fóònù ẹlòmíì.

Ẹ ya ìṣẹ́jú àáyá 10 sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an, ẹ wo ògiri ẹ̀yìn, ẹ wo iwájú orí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí ẹni tó máa bá yín gé e, lórí WhatsApp, Document ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fídíò lásán, WhatsApp á tẹ̀ ẹ́ pọ̀, gbogbo làálàá tẹ́ ẹ ṣe lórí sẹ́tín á ṣòfò.