Bí ẹ ṣe máa ṣe simulation ẹ̀kán epo alápòpọ̀ tó ń gbẹ nínú afẹ́fẹ́ onírúkèrúdò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì lọ da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀kán epo sínú OpenFOAM, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí gáàsì ṣe ń ṣàn. Ẹyọ kan ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ ní Python, torí tí ẹyọ kan ò bá gbẹ bó ṣe yẹ, kí lẹ fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún ṣe?

Ẹ mú heptane àti hexadecane, ìdajì-ìdajì. Heptane fúyẹ́ bíi ti pẹtiróòlù, ní 98°C ló ń hó, hexadecane ní tiẹ̀ sún mọ́ díísù, ó di 287°C kó tó hó. Àwọn kan máa ń sọ méjèèjì di epo kan ṣoṣo tó wà láàárín kí kóòdù lè yára, àmọ́ n ò fara mọ́ ọn rárá, torí ibi tí heptane ti ń di oru nínú ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí ti hexadecane, oru yẹn náà ló sì ń pinnu ibi tí iná á ti ràn.

Ojú ẹ̀kán lẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Òfin Raoult ló ń sọ bí oru èròjà kọ̀ọ̀kan ṣe pọ̀ tó níbẹ̀: ẹ mú ìpín mole (ìyẹn iye molecule) èròjà kọ̀ọ̀kan, ẹ fi pressure oru rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀. Mole o, kì í ṣe ìwúwo! Lẹ́yìn ìyẹn lẹ máa yí i sí ìpín ìwúwo kẹ́ ẹ tó ṣírò nọ́ńbà Spalding, B = (Ys − Yg)/(1 − Ys), Ys ni ìpín ìwúwo oru lójú ẹ̀kán, Yg ni tinú gáàsì tó yí i ká. Ẹ̀kán á wá máa dín kù báyìí: dm/dt = −π d ρ D Sh ln(1 + B). m ni ìwúwo ẹ̀kán, d ni fífẹ̀ rẹ̀, ρ ni ìwúwo gáàsì ní cubic meter kan, D ni bí oru ṣe ń yára tàn ká nínú gáàsì, Sh (nọ́ńbà Sherwood) sì jẹ́ 2 + 0.6 Re^½ Sc^⅓, ti Ranz àti Marshall láti 1952; Re ni nọ́ńbà Reynolds, Sc ni ti Schmidt. Tó bá jẹ́ ethanol lẹ pò mọ́ pẹtiróòlù, Raoult nìkan ò gbé e, ẹ fi UNIFAC, ìṣírò bí molecule oríṣiríṣi ṣe ń ṣe síra wọn nínú àpòpọ̀, tún un ṣe. Ẹ fi heptane nìkan dán kóòdù wò nínú afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́, tí ẹ̀kán bá ti gbóná tán, d² gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ ní ìlà tó tọ́.

Inú ẹ̀kán ló wá le jù. Tó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ ń pò dáadáa, heptane á kọ́kọ́ lọ, hexadecane á tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n èròjà kì í yára rìn nínú epo, D ibẹ̀ wà ní bíi 10⁻⁹ m²/s, fún ẹ̀kán oní 50 micron R²/D, ìyẹn àkókò tí èròjà fi ń rìn láti àárín dé ojú (R ni ìdajì fífẹ̀ ẹ̀kán), jẹ́ bíi 0.6 s, bẹ́ẹ̀ nínú gáàsì 1000 K gbogbo ẹ̀kán yẹn lè ti gbẹ tán láàárín bíi 0.01 s. Heptane tó wà láàárín ò ráyè jáde nìyẹn, ojú ẹ̀kán ti di kìkì hexadecane, ó ń gbóná sí i, heptane inú lè hó lójijì kí ẹ̀kán fọ́ yángá. Nítorí náà ẹ pín in sí ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà, kí ìpele tó sún mọ́ ojú tín-ín-rín ju ti inú lọ, kẹ́ ẹ yanjú ìgbóná àti èròjà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú afẹ́fẹ́ tí ò gbóná púpọ̀ ẹ lè fojú fo èyí.

Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé e sínú afẹ́fẹ́ onírúkèrúdò. sprayFoam ti OpenFOAM ń fún parcel kọ̀ọ̀kan (ìdìpọ̀ ẹ̀kán tó jọra) ní ìgbóná kan àti àpòpọ̀ kan ṣoṣo, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ìpele yẹn sí i. Tó bá jẹ́ k-epsilon, ọ̀nà kan láti ṣírò rúkèrúdò afẹ́fẹ́, lẹ lò, ìyára afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ ń rí ti jẹ́ average, ẹ gbọ́dọ̀ máa ta ẹ̀kán nípàá láìròtẹ́lẹ̀ pẹ̀lú √(2k/3), k ni agbára rúkèrúdò yẹn. Ẹ tún fi àkókò tí ẹ̀kán fi ń bá ìyára afẹ́fẹ́ mu, ρd²/18μ (ρ ibí yìí ni ti epo, μ ni viscosity gáàsì), wé ti ààjà kéékèèké inú afẹ́fẹ́: tí méjèèjì bá sún mọ́ra, àwọn ẹ̀kán á máa kóra jọ síta ààjà, oru á kún àárín wọn, wọn ò sì ní tètè gbẹ mọ́. Ìdí nìyẹn tí Yg ò fi lè jẹ́ òdo, tí heptane àti hexadecane sì gbọ́dọ̀ ní equation tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú gáàsì. Nígbà tí ẹ̀kán bá ku bíi 1% ìwúwo tó fi bẹ̀rẹ̀, ẹ da ìyókù sínú gáàsì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má kàn pa á rẹ́, kí ìwúwo èròjà kọ̀ọ̀kan lè pé ní ìparí.