Ẹ má tíì ra preamp: àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwa tí a ń ká orin sílẹ̀ nílé

Yàrá tí mo fi ń ká orin sílẹ̀ ní Mákun, ní Ṣàgámù, kò fẹ̀. Páànù ló wà lórí rẹ̀, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà lẹ́yìn ògiri. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo mú onígángan kan àti arábìnrin kan tó máa ń dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, mo gbé máíkì condenser kan ṣoṣo, irú tó máa ń gbọ́ ìró kékeré pàápàá, sáàárín wọn. Nígbà tí mo tẹ́tí sí ohun tí mo ká, ìlù ti bo arábìnrin náà mọ́lẹ̀, jẹnẹrétọ̀ sì ń kùn lábẹ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹ̀rọ ìlọta. Mo gbà pé preamp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn máíkì sókè, tó wà nínú interface mi (àpótí tí a fi ń so máíkì mọ́ kọ̀ǹpútà) ni kò dáa. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tọ́jú owó kí n tó ra òmíràn. Ọjọ́ tí mo so ó mọ́ interface náà ni mo wá ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ náà ketekete.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni preamp ń ṣe: iná kékeré tí máíkì ń mú jáde ni ó ń gbé sókè kí kọ̀ǹpútà lè rí i lò. Kò mọ orin yàtọ̀ sí ariwo. Ohun tí máíkì bá gbé fún un ni yóò sọ di ńlá. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ra preamp láti wo àìsàn yàrá.

Àwọn kan wà tí wọ́n nílò rẹ̀ lóòótọ́. Ẹni tó ra Shure SM7B, fún àpẹẹrẹ, máíkì tí ohùn rẹ̀ kéré gan-an ló rà. Ó ń fẹ́ ìgbésókè tó tó 60 dB (dB ni a fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó), ọ̀pọ̀ interface olówó pọ́ọ́kú kì í sì í dé ibẹ̀. Tí ẹ bá yí bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin, ariwo “ṣṣṣ” ni ẹ óò máa gbọ́ lábẹ́ ohùn. Ṣùgbọ́n condenser ní ẹ̀rọ tirẹ̀ nínú tó ń gbé ohùn jáde dáadáa. Preamp interface yín tó o.

Àṣìṣe kejì ni pé a máa ń rò pé condenser ló dára jù fún gbogbo ènìyàn nítorí pé ó ń gbọ́ ohun gbogbo. Ó ń gbọ́ ọ lóòótọ́: adìẹ, ọ̀kadà, òjò lórí páànù. Nínú yàrá bíi tèmi, máíkì dynamic, irú tí kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó jìnnà sí i, ni mo máa ń kọ́kọ́ dábàá. SM58, máíkì dynamic tí Shure gbé jáde ní 1966, ṣì wà lọ́wọ́ àwọn akọrin títí di òní. Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú rẹ̀, ó pọ̀ lọ́jà. Ojúlówó wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 298. Èyí tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín bí ìkarahun, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Ẹni tó bá sì fẹ́ ká àpàlà, irú orin tí Haruna Ishola ará Ìjẹ̀bú-Igbó fi gbajúmọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún le sí i. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ a máa wọ inú gbogbo máíkì tó wà nítòsí. Ohùn agidigbo sì rọ̀, ó ń fẹ́ máíkì nítòsí ojú ihò rẹ̀. Máíkì cardioid kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tàbí sí ẹ̀gbẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ wà. Kí akọrin sún mọ́ ọn, bíi gígùn bírò kan. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò wú ju bó ṣe rí lọ. Títún máíkì gbé báyìí kò ná mi ní kọ́bọ̀, ó sì ṣe ohun tí preamp kò ṣe.

Páálí ẹyin tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò lè dá ariwo ìta dúró. Fóòmù ibùsùn tí ẹ gbé dúró àti aṣọ nínípọn tí ẹ fi kọ́ sẹ́yìn akọrin sàn jù ú lọ fíìfíì, wọ́n á dín ìró tó ń ta padà kù.

Ọ̀pọ̀ condenser ń fẹ́ iná fólìtì 48 láti inú interface. Wáyà kékeré tí àwọn kan fi ń so ó tààrà mọ́ ojú ihò ìgbọ́hùn kọ̀ǹpútà kò lè fún un ní iye yẹn, ohùn yóò sì rọ tìẹ̀tìẹ̀. Tí ẹ bá ń gbọ́ “hùùù” ṣáá, ẹ yọ cháájà kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi bátìrì ká orin. Ìdí ni pé ọ̀pọ̀ ilé wa ni kò ní wáyà tó lọ sínú ilẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí iná pupa tàn lójú interface, nítorí ohùn tó bá fọ́ kò ṣeé tún ṣe. Lórí òṣùwọ̀n kọ̀ǹpútà, níbi tí 0 ti jẹ́ òpin, tí ohùn bá ga jù lọ ní −12 dB, ó tó.