Bàtà mi kan wà nínú ọ̀sà Ìwòpin

"Bíìṣì ní Ìjẹ̀bú? Níbo nínú Ìjẹ̀bú?" Ẹ̀rín ni àwọn ará ibi iṣẹ́ mi l'Ékòó fi mí rín nígbà tí mo ní ilé ni mo ti fẹ́ lo ìsinmi mi, létí omi. Lójú tiwọn, gàrí nìkan ni Ìjẹ̀bú ní. Wọn ò mọ̀ pé ilẹ̀ wa lọ kan òkun ní ìhà tí à ń pè ní Wọ́tásáìdì, níbi tí Abigi ti jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀. Èmi ò tiẹ̀ dé òkun. Ẹ̀rù ìgbì ń bà mí. Ọ̀sà ni mo bá lọ, ní Ìwòpin.

Oṣù kejì ọdún ni. Èmi àti Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, wọkọ̀ ìdájí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìbíadé, a sì gun ọ̀kadà láti ibẹ̀. Eruku ọ̀nà yẹn ò ṣeé fẹnu sọ, ẹ jẹ́ n fò ó.

Bàbá kan jókòó ní ẹbúté, ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe. Àǹtí kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Bàbá. Olúwa á jẹ́ kí àwọ̀n ó kó o."

"Àmín o. Ta lẹ wá kí?"

"Etí omi tó ní iyanrìn la ń wá lọ, sà. Wọ́n ní kò jìnnà."

Bàbá wo bàtà ẹsẹ̀ mi, ó rẹ́rìn-ín. "Kò jìnnà. Ká ní oṣù kẹsàn-án lẹ wá ni, inú omi lẹ ò bá máa wọ́ lọ. Ẹ máa tẹ̀lé etí omi, kí igi ògùrọ̀ wà lọ́wọ́ òsì yín. Ṣùgbọ́n ẹ tètè padà. Tí oòrùn bá ti kan àtàrí, ẹ ó rí ohun tí afẹ́fẹ́ máa kó bọ̀."

Òjò ló fa ọ̀rọ̀ oṣù kẹsàn-án yẹn. Nígbà òjò, Ọ̀ṣun àti àwọn odò mìíràn ń da omi sínú ọ̀sà, á wú, á bo ọ̀nà ẹsẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi á fà, iyanrìn á sì yọjú.

Ìrìn náà ò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ibì kan ṣoṣo ló le, níbi tí omi kékeré kan ti ń ṣàn wọ ọ̀sà. Ó jọ iyanrìn lójú, ẹrọ̀fọ̀ ni. Àǹtí bọ́ bàtà, ó gbé e lérí, ó sọdá. Èmi ará Èkó, mo wọ tèmi lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún jáde, bàtà ò jáde. Mo tọwọ́ bọ ẹrọ̀fọ̀ dé ìgúnpá, n ò kan nǹkan kan.

"Fi sílẹ̀ jàre," ni Àǹtí wí. "Ọ̀sà ti gba tirẹ̀."

Bí a ṣe yí kọ́nà lẹ́yìn ibẹ̀, a dé ibi tí a ń wá. Ilẹ̀ na ọwọ́ sínú omi, igi bo orí rẹ̀, omi ẹ̀yìn rẹ̀ sì dákẹ́ bí omi inú àwo. Iyanrìn ibẹ̀ ò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fà gòkè, ìgèrè méjì, àti lékeléke tí kò ka ẹnikẹ́ni sí. Mo bu omi náà kan ahọ́n: kò níyọ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ òkun wà lẹ́yìn ilẹ̀ tóóró tí à ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ọ̀nà tí ọ̀sà yìí gbà dé òkun jìn: ó gba Ẹ̀pẹ́ kọjá, ó wọ ọ̀sà Èkó, kó tó jáde. Omi tí wọ́n ń bọ l'Óṣogbo lóṣù kẹjọ, ibí yìí ló ń ṣàn bọ̀. Mo sọ èyí fún Àǹtí, ọmọ ìjọ Àládúrà. Ó bu omi bọ́jú, ó ní òun ò bọ nǹkan kan o, ooru ló ń mú òun.

A rẹ gàrí, pẹ̀lú ẹ̀pà àti píọ̀ wọ́tà. Gàrí Ìjẹ̀bú gidi, tó kan débi pé ó ń fa èèyàn létí. N ò jẹ gàrí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí l'Ékòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpò kan náà ni mo ti ń bù ú.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù ni ọ̀rọ̀ Bàbá yé mi. Afẹ́fẹ́ dìde láti ìhà òkun, ó sì ń ti ewéko orí omi bọ̀ lọ́dọ̀ wa, èyí olódòdó àlùkò tó wọ omi Nàìjíríà ní ọdún 1984. Ní kọ̀rọ̀ tí a wà, omi ò mira. Níta, ewé ti dí etí omi pa bí ẹni tẹ́ ẹní. Inú oko ẹ̀gẹ́ olóko la gbà padà, à ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Bàbá wo ẹsẹ̀ mi. "Èkejì ńkọ́?"

"Ó wà lọ́dọ̀ yín, sà."

Ó na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó fa sílípáàsì ọ̀tún kan yọ, aláwọ̀ búlúù. Dúdú ni tèmi. A ra ọ̀bọ̀kún méjì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀, mo sì fi bàtà aláwọ̀ méjì wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́sàn-án gangan.