Bí mo ṣe tú kabúrétọ̀ Ìjàpá 1972 palẹ̀ tí siló rẹ̀ fi dúró

Volkswagen Ìjàpá ọdún 1972 ni mọ́tò náà, ẹ́ńjìnnì 1600, kabúrétọ̀ Solex 34 PICT-3 ló sì ń po epo àti afẹ́fẹ́ fún un. Bí ó bá ti gbóná tán tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, siló rẹ̀, eré tí ẹ́ńjìnnì ń sá nígbà tí a kò tẹ tọ́tù, á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀, kò ní dúró sójú kan. Bí mo bá tẹ tọ́tù lójijì, á kọ́kọ́ fà sẹ́yìn bíi pé ó fẹ́ kú kó tó gbéra. Epo tó ń jẹ náà sì pọ̀ jù. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ohùn rẹ̀ ló ń sọ pé kí n yí skúrù kabúrétọ̀. N ò yí i.

Kabúrétọ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bi ẹlòmíì ló ń rù lọ́pọ̀ ìgbà. Tápẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí fáàfù tó há jù, kọ̀ntákì tó ń já iná púlọ́ọ̀gì tó ti jẹ, táímíǹgì, ìyẹn àsìkò tí iná púlọ́ọ̀gì ń ṣẹ́, tó ti yẹ̀ kúrò lójú ìlà, gbogbo wọn ló lè mú ẹ́ńjìnnì ṣe bí èyí tí kabúrétọ̀ rẹ̀ bàjẹ́. Àwọn ni mo kọ́kọ́ mú wò: tápẹ́ẹ̀tì 0.15 mm nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù, kọ̀ntákì 0.4 mm, mo sì fi iná táímíǹgì wo ìyókù. Síbẹ̀ siló náà kò dúró sójú kan. Ìgbà yẹn ló tó dá mi lójú pé kabúrétọ̀ lọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ṣe ti wá. Ẹ́ńjìnnì ń fa afẹ́fẹ́ gba ọ̀fun kabúrétọ̀ kọjá. Ọ̀fun náà fún láàárín. Nínú 34 PICT-3, 26 mm ni ibi tó fún yẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá débẹ̀, eré rẹ̀ á le sí i, agbára tó fi ń tẹ nǹkan á dínkù, epo á sì gòkè láti inú kòtò fulóòtù, ibi tí epo ń dúró sí nínú kabúrétọ̀, wá dà pọ̀ mọ́ ọn. Orúkọ onímọ̀ ará Ítálì kan, Giovanni Battista Venturi tó kú ní 1822, ni wọ́n fi ń pe irú ọ̀fun bẹ́ẹ̀ títí dòní. Ìsàlẹ̀ ọ̀fun ni labalábá wà, àwo pẹlẹbẹ tí tọ́tù ń ṣí tó sì ń pa. 34 tó wà nínú orúkọ kabúrétọ̀ yìí ni fífẹ̀ ibi tí labalábá náà jókòó sí, ní mílímítà.

Ní siló, labalábá fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán. Àwọn ihò tín-ín-rín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni afẹ́fẹ́ àti epo ń gbà. Ohun tí ẹ́ńjìnnì ń mu lásìkò yẹn kéré gan-an, nítorí náà bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá yọ́ wọlé níbòmíì, gbogbo ìwọ̀n á dàrú. Bí mọ́tò bá wá ń sáré, afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé yẹn kò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Ohun tí kì í jẹ́ kí èèyàn fura nìyẹn: mọ́tò ń lọ geere lójú títì, ìgbà tó bá dúró ló ń ṣe wàhálà.

Kí n tó tú u, mo fín oògùn ìfọ-kabúrétọ̀ díẹ̀ sí ibi tí ọ̀pá labalábá ti yọ síta, nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà lójú ẹsẹ̀: ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti ń yọ́ wọlé. Iná máa ń gbé oògùn yìí o, díẹ̀ bíńtín ni kí ẹ fín, kí ẹ sì gbé ohun ìpaná sí tòsí. Mo wá yọ wáyà bátìrì, mo tú họ́ọ̀sì epo, mo ya fọ́tò gbogbo sípíríǹgì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì méjèèjì tó dè é mọ́ páìpù. Kíá ni mo ki àkísà mímọ́ bọ ẹnu páìpù náà, torí ohun tó bá já síbẹ̀, inú sìlíńdà ló ń lọ.

Nígbà tí mo ṣí orí rẹ̀, ẹrẹ̀ pupa ló kún ìsàlẹ̀ kòtò fulóòtù, ìpẹtà láti inú táǹkì, ó ti gan mọ́lẹ̀ débi pé igi ni mo fi ha á. Rọ́bà pọ́ǹpù, èyí tó ń tu epo sí ọ̀fun nígbà tí a bá tẹ tọ́tù lójijì, ti le gbagidi, etí rẹ̀ kan sì ti là. Ohun tó ń fà á sẹ́yìn nìyẹn. Epo tó ní ẹtanóòlù nínú kì í bá rọ́bà àtijọ́ rẹ́.

Mo kó gbogbo ohun tó jẹ́ irin sínú oògùn, mo ya fulóòtù oníke àti gbogbo rọ́bà sọ́tọ̀, torí oògùn náà á jẹ wọ́n. Jẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Idẹ oníhò tí epo ń gbà kọjá ni wọ́n, idẹ sì rọ̀. Nọ́ńbà tó wà lára jẹ́ẹ̀tì Solex ni fífẹ̀ ihò rẹ̀: 127.5 túmọ̀ sí 1.275 mm. Ẹni tó bá ki wáyà bọ irú ihò bẹ́ẹ̀ ti sọ ọ́ di jẹ́ẹ̀tì mìíràn, nọ́ńbà ara rẹ̀ á sì máa parọ́ látìgbà náà lọ. Oògùn àti afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ nìkan ni mo lò, mo sì ń gbé jẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ títí mo fi rí ihò tó mọ́ roboto.

Kíìtì tí mo rà kó gásíkẹ́ẹ̀tì, rọ́bà pọ́ǹpù àti nídù tuntun wá, nídù ló ń ṣí tó sì ń dí ẹnu ọ̀nà epo. Ọ̀pọ̀ èèyàn á tò wọ́n sí i, wọ́n á dì í padà, ó parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo di ọ̀pá labalábá mú tí mo mì ín, ńṣe ló ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀ nínú ihò rẹ̀. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kò sí kíìtì tó wo ibẹ̀ sàn, kò sì sí skúrù tí a lè yí tó máa dí i.

Láti yọ ọ̀pá náà, labalábá ni èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ, skúrù kéékèèké méjì ló sì dì í mú. Nílé iṣẹ́ ni wọ́n ti lu ìdí àwọn skúrù yẹn bẹ̀ǹtẹ̀ kí wọ́n má baà tú láé. Bí ẹ bá fipá yí wọn, ọ̀pá á ya. Mo fi fáìlì rẹ́ ìdí wọn díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tẹ́jú pẹ̀lú ọ̀pá, kí n tó yí wọn jáde. Mo ti fa ìlà sára labalábá ṣáájú, torí etí rẹ̀ gé lẹ́gbẹ̀ẹ́, ojú kan ṣoṣo ló ń pa dáadáa. Mo gbé ara kabúrétọ̀ lọ sọ́dọ̀ tọ́nà, ẹni tó ń gbẹ́ irin, tó ní ẹ̀rọ tó péye. Ó fẹ ihò náà, ó sì ki búùṣì, òrùka bàbà, bọ̀ ọ́ lápá méjèèjì. Nígbà tí mo dá ọ̀pá padà, ó ń yí wẹ́rẹ́, kò sì mì mọ́. Skúrù tuntun ni mo fi dè é, mo kán gúlù tí kì í jẹ́ kí skúrù tú sí i lára, mo sì lu ìdí wọn padà.

Títò ìyókù padà kò gba àkókò. Mo gbé ìdí kabúrétọ̀ lé orí gíláàsì láti mọ̀ bóyá ó tẹ́jú, ó tẹ́jú. Mo fa páìpù idẹ tí epo ń gbà wọlé wò, torí nínú Ìjàpá ó máa ń tú yọ, epo á sì máa dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá ni iná ti tipa bẹ́ẹ̀ jó. Tèmi le gírígírí.

Mo ṣíná mọ́tò, mo jẹ́ kó gbóná délẹ̀ títí ṣóòkù, àwo tó ń dín afẹ́fẹ́ kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, fi ṣí tán. Skúrù mẹ́ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ yìí, èyí tó wà lára apá tọ́tù ni àwọn èèyàn sì ń fi gbé siló sókè. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo yí i títí ó fi kan apá náà pẹ́rẹ́, mo fi ìdámẹ́rin yíyí kan kún un, n ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Mo ti rọra yí skúrù kékeré, èyí tó ń díwọ̀n àdàpọ̀ epo, wọlé tán tẹ́lẹ̀, mo sì dá a padà síta ní yíyí méjì ààbọ̀. Skúrù ńlá, èyí tó ń díwọ̀n afẹ́fẹ́, ni mo wá fi mú siló wá sí 850 yíyípo ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà mo ń yí skúrù kékeré jáde díẹ̀díẹ̀, mo ń tẹ́tí, títí eré ẹ́ńjìnnì kò fi lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yí i wọlé padà kó fi bíi 20 sí 30 dínkù, mo sì fi skúrù ńlá dá a padà sí 850. Ó dúró síbẹ̀.

Mo yọ wáyà kékeré tó lọ sí jẹ́ẹ̀tì siló, èyí tí iná bátìrì ń ṣí, ẹ́ńjìnnì kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Bí kò bá kú, labalábá ṣí jù. Mo wà á jáde, mo tẹ tọ́tù lójijì lórí òkè, kò fà sẹ́yìn. Nígbà tí mo dé, mo tú púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìkankan kò dúdú, ìkankan kò funfun. Àwọ̀ ilẹ̀ gbígbẹ ni gbogbo wọn. Epo kò pọ̀ jù, kò sì kéré jù, nítorí náà n ò fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì ńlá.